Etí Mi Kọ́ Lo Máa Fi Wá Àyè fún Ọmọ

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà. Ṣé ara le? Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ńkọ́? Nínú lẹ́tà tó kọjá, ẹ ní ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ mọ̀ ọ́n pé ó ti ń gbọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tètè pe alátùn-únṣe kó tó dáṣẹ́ sílẹ̀ fún yín.

Àwa náà wà. Bàbá Aláròyé wà lójú títì pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrù rẹ̀, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ ká tó fojú kan ara wa. Èmi ṣì wà ní ilé búrẹ́dì, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń po ìyẹ̀fun. Aláròyé ti pé ọdún mẹ́ta àbọ̀. Orúkọ tí ẹ sọ ọ́ ń ro ó gan-an: ó ń bá ìkòkò rojọ́, ó ń bá bàtà rojọ́. Lánàá, ó bá ilẹ̀kùn jà pé kí ló dé tó fi ń ṣí kí òun tó kàn án. Ó ní kí n kí Màmá Aránṣọ òun.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé ju ìkíni lọ. Jẹ́lé-ó-sinmi tí Aláròyé ń lọ ti ní ọ̀gá tuntun. Obìnrin náà kó gbogbo àwa òbí jọ sínú yàrá tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré, a jókòó sórí àga kéékèèké bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ábídí, ó wá ka òfin ìlú fún wa. Ọmọ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò bá pé kò ní wọlé mọ́ tí oṣù tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá àná mọ òfin yẹn, ó kàn ń mójú kúrò ni. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ní ẹ̀sìn òun kò gba abẹ́rẹ́ láyè máa ń rí ìyọ̀ǹda, wọ́n ti fagi lé ìyẹn. Ó wá ku ọmọ tí dókítà bá kọ̀wé fún pé abẹ́rẹ́ lè ṣe é ní jàǹbá.

Ẹ mọ ohun tí ojú wa rí. Aláròyé gba àwọn ti ìkókó. Lọ́jọ́ tó gba èyí tó gbà kẹ́yìn, ara rẹ̀ gbóná, gìrì mú un lórí itan mi. Ojú rẹ̀ yí sókè, ètè rẹ̀ dúdú, ó le gbagidi. Mo rò pé ó ti lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé e padà síbẹ̀ mọ́. Kò gba ti èéyi, kò gba àwọn tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Dókítà wa kọ̀ láti fún wa ní ìwé. Ó ní gìrì ibà kì í ṣe ìdí tí ọmọ kò fi ní gba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tí a jọ ń po ìyẹ̀fun sọ fún mi pé dókítà mìíràn wà tí ọwọ́ rẹ̀ kò le, pé bí ẹnì kan bá wà nínú ẹbí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti bà jẹ́ rí, á fọwọ́ sí i. Ọ̀dọ̀ yín ni ọkàn mi lọ. Màmá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà pé abẹ́rẹ́ ló ba etí yín jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sórí ìwé pé ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, pé láti ìgbà náà ni ẹ ò ti gbọ́ràn mọ́. Ẹ fọwọ́ sí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá dá ọmọ yìí padà sílé, kò sẹ́ni tí mo máa fi í sílẹ̀ fún. Iṣẹ́ á bọ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí n tó rí èsì.

Àbúrò yín tó ń wọ̀nà.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Àbúrò mi,

O kú ìtọ́jú ọmọ, o kú ìdájí. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti yá, ó kàn fẹ́ epo ni. Aṣọ ilé-ìwé ló kún ṣọ́ọ̀bù báyìí. Àwọn ìyá tó gbé aṣọ wá ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń la ẹnu gbàgà sí mi bí ẹni pé bí ẹnu bá ṣe tóbi tó ni màá ṣe gbọ́ tó. Mo ń wo ètè wọn, mo ń rẹ́rìn-ín sínú.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣì í kà ni.

Mi ò ní kọ ọ́.

Mo ti dití kí wọ́n tó bí ọ. Láti ọjọ́ tí o ti gbọ́n, o ò tíì bi mí rí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an?” Ohun tí Màmá fi sí ọ lọ́wọ́ lo gbé dání, o wá ní kí n fọwọ́ sí i. Etí mi ni o fẹ́ yá lò, bí ẹni fẹ́ yá sísọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń jẹun, àbúrò mi. Mi ò ní fi abẹ́rẹ́ parọ́.

Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ pé àyà rẹ ń já. Ẹni tó bá rí gìrì lára ọmọ tí kò bẹ̀rù, ọkàn rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ. Bi í pé bí gìrì bá tún wá ńkọ́, kí ni kí o ṣe? Bẹ ọ̀gá iṣẹ́ rẹ kó yí àkókò iṣẹ́ rẹ padà fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó bá wà níkàáwọ́ mi, o mọ̀ pé mi ò ní fi dù ọ́. Èyí kò sí nínú rẹ̀.

Bá mi fi ẹnu ko Aláròyé lẹ́rẹ̀kẹ́. Sọ fún un pé mo ń rán kaba kan fún un, kó má tíì bá a rojọ́ kó tó dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé. Èsì yín dé.

Ẹ ní kí n lọ bi dókítà. Ṣé ẹ rò pé mi ò bi í ni? Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyá Ọmọ, ó máa ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan.” Ó máa ń ṣẹlẹ̀! Òun kọ́ ló di orí ọmọ mú. Òun kọ́ ló ń pariwo orúkọ ọmọ tí ọmọ kò sì dáhùn. Ọ̀gá iṣẹ́ mi tí ẹ ní kí n bẹ̀, ó ní àárọ̀ ni wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, kì í ṣe àṣálẹ́.

Ẹ máa bínú sí mi, àmọ́ ẹ̀yin ò bímọ. Ẹni tí kò bímọ lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ kó máa sọ èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Èmi ò ráyè ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín. Mo ti kọ ìwé náà fúnra mi. Mo kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, mo fi orúkọ yín sí ìsàlẹ̀, mo lẹ fọ́tò tí ẹ yà níwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn. Dókítà kejì yẹn fọwọ́ sí i kí n tó jókòó dáadáa. Aláròyé ti padà sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀gá ibẹ̀ ka ìwé náà, ojú rẹ̀ rọ̀, ó ní kí n bá òun kí yín. Ó ní ọ̀rọ̀ yín dun òun wọ eegun.

Ta ni mo wá pa lára? Ọmọ ń lọ, iṣẹ́ wà, oúnjẹ wà. Ibi tí ẹ wà sì jìnnà, kò sẹ́ni tó máa wá fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò.

Ẹ má jẹ́ kí ìbínú yín jìnnà.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Àbúrò mi,

Mo kí ọ.

O ní mi ò bímọ. Òótọ́ ni. Nígbà tí Màmá ń jáde lọ ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ta lo wà? Ta ló ń fi ọwọ́ lé ọ láyà nínú oorun kó lè mọ̀ pé o ń sunkún, torí pé kò lè gbọ́ ọ? Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Mi ò ní bá ọ ṣa èèpo rẹ̀.

Ohun tí o kò bi mí, mo máa sọ ọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ ọdún méje ni mí. Ọdún yẹn ni iṣẹ́ Bàbá gbé wa lọ sí àdúgbò tuntun. Kété tí a kúrò ládùúgbò àkọ́kọ́ ni àwọn elétò ìlera dé ibẹ̀ láti gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ èéyi, ibi tí a kó dé sì ni wọ́n ti ṣe tán kí a tó dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fò mí dá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ọmọ onílé ló kọ́kọ́ ní in. Lẹ́yìn náà, ojú mi pọ́n, mò ń húkọ́, ara mi gbóná bí ààrò, ó wá sú láti ẹ̀yìn etí títí dé ẹsẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú, Màmá fi aṣọ bo fèrèsé. Lẹ́yìn ìyẹn ni etí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ó ń ṣọyún. Onílé wa ní rédíò kan tó máa ń ké láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mò ń dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn, rédíò yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọ́n pa rédíò. Mo rí i pé ètè wọn ń mì. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ sókè. Ètè wọn tún mì. Wọ́n wá bú sẹ́kún, mi ò gbọ́ ẹkún náà.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí ẹni gbé wa dé ọsibítù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ìtọ́jú ni, kí n má bàa kú ni wọ́n ṣe gún un, kì í ṣe àjẹsára. Ṣùgbọ́n Màmá rí abẹ́rẹ́, wọ́n rí ọmọ tí kò gbọ́ràn, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Nígbà tí mo dàgbà tó láti bá wọn jiyàn, mo wò ó pé bí wọn kò bá gbé ẹ̀bi náà lé abẹ́rẹ́, orí ara wọn ni wọ́n máa gbé e lé. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Èéyi ló gba etí mi. Ohun tí ì bá gbà mí sílẹ̀ ni o wá kọ lórúkọ mi pé ó bà mí jẹ́. Ọ̀gá tí ojú rẹ̀ rọ̀ yẹn á sọ ọ́ fún ìyá mìíràn, ìyá yẹn á sọ ọ́ fún òmíràn, ojú mi á wà níbẹ̀, tí mò ń rẹ́rìn-ín níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀. Títí tí o fi máa yọ ọ́, má kọ̀wé sí mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ni mí.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo mọ ohun tí ẹ sọ. Ìwọ̀nba yìí náà ni mo fẹ́ sọ: mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mi ò mọ̀. Mo rò pé òótọ́ ni mò ń kọ, pé ẹ kàn ń ṣagídí ni.

Mo ti lọ dé ẹnu ọ̀nà yàrá ọ̀gá jẹ́lé-ó-sinmi náà. Mo dúró, mo ń wo àwòrán tí àwọn ọmọ lẹ̀ mọ́ ògiri, mo tún padà. Bí mo bá wọlé, ọmọ á jáde. Ẹ ṣe sùúrù fún mi díẹ̀.

Nípa èyí tí mo sọ pé ẹ ò bímọ, ahọ́n mi ló yẹ kí wọ́n gún lábẹ́rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì, ì báà ṣe èébú.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù

– Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ ò fèsì, mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí. Èéyi ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ kan tó ti ìrìn àjò dé ló gbé e wá. Ìkókó oṣù mẹ́jọ kan ti wà ní ọsibítù, kò tíì dàgbà tó láti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ní kí gbogbo ọmọ tí kò gbà á máa lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn elétò ìlera sọ pé bí Aláròyé bá gbà á kíákíá, ó ṣì lè dènà àrùn náà, pé ọ̀la ló parí, bó bá kọjá ọ̀la ó ti pẹ́. Bàbá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, fóònù rẹ̀ kò lọ. Bí mo bá fún un, gìrì. Bí mi ò bá fún un, ohun tó ṣe yín. Kí ni kí n ṣe?

– Mo ti rí i. Ṣé ara rẹ̀ gbóná báyìí? Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń húkọ́?

– Rárá. Ó ń bá igbá rojọ́.

– Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?

– Kò sí ẹnì kankan.

– Èmi wà. Etí ni mi ò ní, mo ní ojú. Mi ò ní sọ pé kí o ṣe é tàbí kí o má ṣe é, ọmọ rẹ ni. O ti mọ ohun tó ṣe mí, o mọ ohun tí o rí lára ọmọ rẹ. Bí o bá lọ, sọ ti gìrì fún nọ́ọ̀sì kó tó fa oògùn. Bi í pé ìgbà wo ni ibà máa ń dé. Má kúrò níbẹ̀ títí wàá fi mọ ohun tí wàá ṣe bó bá dé. Bó bá dé, gbé fóònù síbi tí mo ti lè rí ọmọ.

– Ẹ ṣì ń bínú sí mi.

– Gan-an ni. Lọ múra.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìṣọ́. Ẹ rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lójú fóònù, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí ẹ ò rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ látòkè délẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ, mo pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn ilé ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá kò wo aago. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó fa àga, ó ní kí n sọ ti gìrì náà fún òun. Mo sọ ọ́. Ó ní, “Ìyẹn á dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.” Ẹ̀gbọ́n mi, gbólóhùn kan yẹn ni mo ti ń wá lọ́wọ́ dókítà láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní ti abẹ́rẹ́ yìí, bí ibà bá máa dé, ó máa ń di ọ̀sẹ̀ kejì, kí n má rò pé ó ti tán lọ́jọ́ kejì. Ó ní gìrì lè má wá rárá, ó sì lè wá. Ó ní bó bá wá, kí n dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí n má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kí n má da omi lé e, kí n wo aago, kí n pe ọkọ̀ aláìsàn. Ó jẹ́ kí n fi Aláròyé dánra wò lórí ibùsùn. Aláròyé ní kí ló dé tí mò ń yí òun bí ìyẹ̀fun. Nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, ó bá nọ́ọ̀sì wí títí a fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láàárọ̀. Mo kọ̀wé sí yín lórí fóònù, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé fóònù ti agolo ṣúgà, mo kọjú rẹ̀ sí ibùsùn. Mo rí yín níbẹ̀, ẹ jókòó, ẹ fọwọ́ lẹ́rán, ẹ ò ṣẹ́jú. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, ẹ wà níbẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, ẹ wà níbẹ̀. Mo sọ fún Aláròyé pé, “Ṣé o rí Màmá Aránṣọ, láti àárọ̀ ni wọn ò tíì fẹnu kan nǹkan kan nítorí tìrẹ.” Ó wò yín, ó sùn lọ.

Mo wọ ilé ìdáná lọ bu omi. Omi ń ṣàn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá gbọ́ ohùn kan nínú yàrá. Ohùn tí mi ò mọ̀ rí, ó gbẹ, ó ga, ó ń ya bí aṣọ. Mo rò pé àlejò ti wọlé. “Ọmọ ń gbọ̀n! Ọmọ ń gbọ̀n!” Ẹ̀yin ni. Màmá sọ fún mi pé láti ìgbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti fi ohùn yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni ẹ ti pa ẹnu mọ́. Mo ti dàgbà, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi rí láyé.

Mo ju ife sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ìdí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí, ọwọ́ rẹ̀ ń jà. Mo dà á sí ẹ̀gbẹ́. Mi ò fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Mo wo aago. Mo gbé ojú sókè, mo rí ojú yín lójú fóònù, ẹ ń na ọwọ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí n fara balẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, ti àkọ́kọ́ kò tó o, àmọ́ ti àkọ́kọ́ èmi nìkan ló bá. Kó tó di pé àwọn ọlọ́kọ̀ aláìsàn dé, ó ti dáwọ́ dúró, ó ti ń mí dáadáa. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ara rẹ̀ pé, wọ́n ní gìrì ibà ni, ó ti lọ. Ní ọjọ́ kejì ó ń béèrè búrẹ́dì. Èéyi kò mú un.

Mo wá lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá jẹ́lé-ó-sinmi. Lọ́tẹ̀ yìí mo wọlé. Mo ní, “Ìwé tí mo mú wá, irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ ọ́. Èéyi ló sọ wọ́n di adití, kì í ṣe abẹ́rẹ́.” Kò pariwo. Ó jókòó, ó ní, “Mo ti sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ fún àwọn òbí mìíràn.” Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Ó ní òun máa pe wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, pé èmi ni mo máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun tí mo máa sọ ọ́. Mo ti bá ìyá méjì sọ̀rọ̀. Ọ̀kan kò wo ojú mi. Ọ̀gá náà ní òun gbọ́dọ̀ fi tó àwọn aláṣẹ létí, wọ́n sì ti pe dókítà kejì yẹn wá sọ tẹnu rẹ̀. Àyè Aláròyé ti bọ́ títí abẹ́rẹ́ tó kù á fi pé. Ní ilé búrẹ́dì, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ìdí ìyẹ̀fun, ọ̀sán ni mò ń lọ fọ páànù. Ìyàwó alágbàfọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń bá mi mú ọmọ títí ìyókù abẹ́rẹ́ á fi tán.

Ìkókó tó wà ní ọsibítù ti padà sílé. Ó rù, àyà rẹ̀ ṣì ń dún. Wọn ò tíì lè sọ bí etí rẹ̀ ṣe rí. Aláròyé kọ́ ló kó o ràn án, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Mo ń gbé e lọ́kàn síbẹ̀, torí pé ì bá ti jẹ́ òun, ìwé irọ́ ni mo fi mú un wọlé síbi tí ìkókó wà.

Mo ti yọ orúkọ yín kúrò.

Àbúrò yín, tó dọ̀bálẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Àbúrò mi,

O kú ewu. Aláròyé kú ewu. Ikú tí ì bá pani tó bá ṣí ni ní gèlè, ọpẹ́ ló yẹ.

Mo rí i pé o yọ orúkọ mi. O ṣeun. Àwọn ìyá tó kù, bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, títí kan ẹni tí kò wojú rẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ bi mí, fún wọn ní àdírẹ́sì mi. Màá fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ti pé mi ò bímọ, ó ṣì wà níbi tó wà. Mò ń rìn yí i ká bí ẹni ń rìn yí àga ká nínú yàrá tóóró. Má bẹ̀ mí mọ́. Bí ó bá máa kúrò, yóò kúrò.

O ní ohùn mi ń ya bí aṣọ. Ọ̀fun dùn mí ní ọjọ́ mélòó kan. Onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù sáré wọlé pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́, ó rò pé olè ni. Nígbà tó rí i pé èmi ni mo pariwo, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó máa ń dúró kó wo ètè mi, bóyá màá dáhùn. Mo dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Mo kí i pé ẹ káàárọ̀. Ó di ẹnu mú.

Nǹkan kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́kọ̀ aláìsàn yẹ̀ ẹ́ wò tán, o bá wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Aláròyé la ojú. Ó fà sún mọ́ fóònù, ó gbé e, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé e sún mọ́ ẹnu jù, eyín nìkan ni mò ń rí. Mi ò lè ka ètè rẹ̀. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ, ó wá gbé fóònù padà sí ìdí agolo, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí mi, kò sùn mọ́.

Bá mi bi í. Kí ló sọ?

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo bi í. Mo ní kó kọ́kọ́ rántí. Ó bínú pé òun ò gbàgbé.

Ó ní ohun tí òun sọ ni pé, “Màmá Aránṣọ, ẹ lọ jẹun. Mo wà níbí, èmi náà á máa wo ara mi.”

Àbúrò yín.